Nígbà tí Ìròyìn Ẹ̀rù Bá Dé: Ẹ̀kọ́ Lórí Ariwo Mísáìlì

Gbogbo ọpẹ́ ni ti Ọlọ́hun Ọba, ẹni tí ìkọ̀kọ̀ àti gbangba kò pamọ́ fún. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Orí àṣìṣe kan tí èmi tí mò ń kọ̀wé yìí ṣe ni ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 2022, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ìròyìn kan wọ inú fóònù mi pé mísáìlì ilẹ̀ Rọ́ṣíà ti já sí ilẹ̀ Pólàǹdì, ó sì ti pa ènìyàn méjì. Ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ fi kún un pé ogun àgbáyé kẹta ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. N kò bèèrè ibi tí ó ti gbọ́ ọ. Lójú ẹsẹ̀ ni mo fi í ránṣẹ́ sí àwọn ará àsàlátù wa lórí WhatsApp, mo sì kọ orúkọ Ọlọ́hun sí abẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé ìyẹn ti tó láti sọ ọ́ di òtítọ́.

Ìyá kan wà nínú àsàlátù náà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń kàwé ní Pólàǹdì. Ìyá pe ọmọ yìí títí, kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò fojú ba oorun ní òru ọjọ́ náà, orí ẹní ìkírun ni ilẹ̀ mọ́ bá a. Nígbà tí ọmọ náà pè é láàárọ̀, ó ní òun ti sùn ni, àti pé ibi tí òun ń gbé jìnnà sí ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo lọ bẹ ìyá náà, kò bínú sí mi. Ohun tí ó sọ ni pé: "Alfa, torí pé ẹ̀yin ni ẹ fi ránṣẹ́ ni mo ṣe gbà á gbọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí a jọ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nìyí: kí ni ó yẹ kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ṣe nígbà tí ìròyìn ẹ̀rù bá dé sí i létí?

1. OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ GAN-AN

Mísáìlì já lóòótọ́. Abúlé kan tí ń jẹ́ Przewodów ni, ní ìlà oòrùn Pólàǹdì, kò jìnnà rárá sí ẹnubodè Ukraine. Ó pa ọkùnrin méjì níbi tí wọ́n ti ń gbẹ ọkà. Ní ọjọ́ yẹn kan náà, Rọ́ṣíà ń rọ̀jò mísáìlì lé àwọn ìlú Ukraine lórí, nítorí náà kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti gbà pé Rọ́ṣíà ni ó ta èyí náà. Ilé-iṣẹ́ ìròyìn ńlá kan pàápàá gbé e jáde bẹ́ẹ̀. Ó ní òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kan ni ó sọ ọ́. Nígbà tí ó yá, ó kó ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi wúwo. Pólàǹdì wà nínú ẹgbẹ́ NATO. Láti ọdún 1949 ni àwọn orílẹ̀-èdè inú ẹgbẹ́ náà ti bá ara wọn ṣe àdéhùn pé ẹni tí ó bá gbógun ti ọ̀kan nínú wọn, gbogbo wọn ni ó gbógun tì. Bí ó bá jẹ́ pé Rọ́ṣíà mọ̀ọ́mọ̀ ta Pólàǹdì ni, Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti àwọn yòókù lè di ara ogun náà. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ àwọn olórí ní alẹ́ ọjọ́ náà kì í ṣe ohun kékeré.

Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ní sùúrù, wọ́n wádìí. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, Ààrẹ ilẹ̀ Pólàǹdì nígbà náà, Andrzej Duda, àti Jens Stoltenberg tí ó jẹ́ akọ̀wé àgbà NATO nígbà náà, sọ pé kò sí àmì pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ ta Pólàǹdì. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ mísáìlì tí àwọn ará Ukraine fi ń dá ti Rọ́ṣíà dúró lójú ọ̀run ni ó ṣìnà já síbẹ̀. Stoltenberg kò ṣàì sọ pé síbẹ̀síbẹ̀, ọrùn Rọ́ṣíà tí ń gbógun ti Ukraine ni ẹ̀bi wà.

Ẹ tú ìròyìn tí mo fi ránṣẹ́ wò. Pé mísáìlì já, òtítọ́ ni. Pé ènìyàn méjì kú, òtítọ́ ni. Pé Rọ́ṣíà ni ó ta á, kò rí bẹ́ẹ̀. Pé ogun àgbáyé ti bẹ̀rẹ̀, irọ́ pátápátá ni. Irọ́ tí ó fi òtítọ́ bora ni ó máa ń tètè wọ ilé onílé.

2. KÍ NI MÍSÁÌLÌ TÍ Ń LỌ JÌNNÀ?

Ohun tí ènìyàn kò bá mọ̀ ni ó máa ń bà á lẹ́rù jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n. Oríṣi méjì ni a sábà máa ń gbọ́. Ọ̀kan dà bí òkúta inú kànnàkànnà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á tì í lọ sókè ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà agbára tí a fi jù ú ni yóò gbé e lọ títí yóò fi já wálẹ̀ sí ibi tí wọ́n fojú sùn. Èyí ni wọ́n ń pè ní bàlísítíìkì. Èkejì dà bí ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ títí dé òpin, ó sì máa ń fò nílẹ̀ nílẹ̀ kí wọ́n má baà tètè rí i.

ATACMS tí Amẹ́ríkà ṣe jẹ́ oríṣi àkọ́kọ́. Ó lè lọ tó 300 kìlómítà. Storm Shadow tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ ṣe jẹ́ oríṣi kejì, ó lè lọ ju 250 kìlómítà lọ. Láti Èkó sí Ìlọrin, bí ẹyẹ bá ń fò ní tààrà, kò ju nǹkan bí 250 kìlómítà lọ. Ẹni tí ó bá dúró ní Èkó lè fi irú nǹkan yìí ba ilé jẹ́ ní Ìlọrin láì rí ojú ẹni tí ó wà nínú ilé náà.

Àwọn tí ń lọ jìnnà ju ìwọ̀nyí lọ wà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1987, Ààrẹ Reagan ti Amẹ́ríkà àti Gorbachev ti Sófíẹ́tì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan. Wọ́n ní àwọn kò ní ní mísáìlì orí ilẹ̀ tí ń lọ láti 500 kìlómítà dé 5,500 kìlómítà mọ́. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1991, wọ́n ti ba 2,692 jẹ́ nínú wọn. Ìdí pàtàkì ni pé irú mísáìlì bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó dé ibi tí ó ń lọ. Olórí tí wọ́n bá sọ fún pé ó ń bọ̀ kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti ronú. Ìpinnu tí a bá fi ìkánjú ṣe kì í sì í ṣe ìpinnu rere. Àdéhùn yẹn parí ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Amẹ́ríkà ní Rọ́ṣíà ti rú u, Rọ́ṣíà ní irọ́ ni. Nítorí náà, ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń kọ lóminú kì í ṣe òmùgọ̀. Ìdí wà tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣàníyàn. Ohun tí a ń bá wí ni ariwo.

3. OṢÙ KỌKÀNLÁ ỌDÚN 2024

Ẹ ó rántí ọ̀sẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 17, àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà gbé e jáde pé Ààrẹ Joe Biden ti gba Ukraine láyè láti fi ATACMS ta ibi tí ó wà nínú ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ní ọjọ́ 19, ìjọba Rọ́ṣíà ní wọ́n ti ta á sí agbègbè Bryansk. Ọjọ́ yẹn kan náà ni Ààrẹ Putin fọwọ́ sí ìlànà tuntun lórí ìgbà tí Rọ́ṣíà lè lo ohun ìjà núkílíà. Ní ọjọ́ 20, ilé aṣojú Amẹ́ríkà ní Kyiv ti ilẹ̀kùn nítorí ìbẹ̀rù ìkọlù, ìròyìn sì jáde pé wọ́n ti ta Storm Shadow pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 21, Rọ́ṣíà ta mísáìlì tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Oreshnik sí ìlú Dnipro. Putin fúnra rẹ̀ bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó kéde rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ìjọba Sweden bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé pẹlẹbẹ kan ránṣẹ́ sí ilé tí ó lé ní mílíọ̀nù 5, láti kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe lè múra sílẹ̀ de ogun tàbí ìjàm̀bá. Àwọn kan ya fọ́tò ìwé náà, wọ́n ń gbé e kiri pé Yúróòpù ti ní kí àwọn ènìyàn máa sá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn aláriwo kò sọ. Ìwé Sweden kì í ṣe ohun àjèjì, nítorí wọ́n ti pín irú rẹ̀ ní ọdún 2018, ti àkọ́kọ́ sì ti jáde láti ọdún 1943. Ilé aṣojú Amẹ́ríkà tún ilẹ̀kùn ṣí ní ọjọ́ kejì. Kí Rọ́ṣíà tó ta Oreshnik, wọ́n ti kọ́kọ́ fi tó Amẹ́ríkà létí. Dmitry Peskov, agbẹnusọ Putin, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú ni. Ọ̀nà ìfiránṣẹ́ kan wà tí àwọn méjèèjì ti là sílẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, kí ọ̀kan má baà ṣi èkejì gbọ́ kí ó sì fi bọ́m̀bù núkílíà dá a lóhùn. Ẹ kò rí i bí? Àwọn tí ń halẹ̀ mọ́ ara wọn ní gbangba mọ̀ pé ìròyìn tí kò péye lè pa gbogbo ayé run. Àwa tí a jókòó sí ilé wa, tí a fi ju 5,000 kìlómítà jìnnà sí Dnipro, ni a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìròyìn.

4. ÌGBÀ TÍ Ẹ̀RỌ PÀÁPÀÁ ṢÌNÀ

Bí ẹ bá rò pé mo ń sọ àsọdùn, ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ mẹ́ta.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1983, ọ̀gágun Sófíẹ́tì kan tí ń jẹ́ Stanislav Petrov wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru. Kọ̀ǹpútà sọ fún un pé Amẹ́ríkà ti ta mísáìlì. Nígbà tí ó yá, ó ní ó di márùn-ún. Iṣẹ́ Petrov ni láti sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bi ara rẹ̀ léèrè pé: ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú ogun bẹ́ẹ̀, ṣé márùn-ún péré ni yóò ta? Ó sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ni ó ṣìnà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí. Ìtànṣán oòrùn lórí ìkùukùu ni ẹ̀rọ ojú ọ̀run náà kà sí iná mísáìlì.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1995, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ta rọ́kẹ́ẹ̀tì kan láti Norway láti fi ṣe ìwádìí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ìhà àríwá. Norway ti kọ̀wé sí Rọ́ṣíà ṣáájú. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ. Àwọn wọ̀nyí rò pé mísáìlì Amẹ́ríkà ni. Wọ́n gbé àpótí àṣẹ ohun ìjà núkílíà lọ bá Ààrẹ Yeltsin, wọ́n sì ṣí i. Ọlọ́hun yọ ayé, rọ́kẹ́ẹ̀tì náà já sínú òkun. Ẹ̀kọ́ inú èyí ni pé ẹni tí a fi iṣẹ́ rán tí kò jẹ́ ẹ ti da àmánà. Irọ́ pípa nìkan kọ́ ni ó ń ba nǹkan jẹ́. Kí ènìyàn di òtítọ́ mọ́nú náà ń bà á jẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ 13 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, ìkìlọ̀ wọ inú fóònù gbogbo àwọn ará Hawaii pé mísáìlì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, pé kì í ṣe ìdánrawò. Àwọn òbí ń wá ibi tí wọn yóò fi ọmọ pamọ́ sí, àwọn mìíràn ń pe ẹbí láti dágbére. Kò sí mísáìlì kankan. Òṣìṣẹ́ kan ni ó ṣi ìdánrawò gbọ́. Ìṣẹ́jú 38 ni ó gbà kí àtúnṣe tó wọ inú fóònù wọn. Ẹ kíyè sí i pé ìkìlọ̀ èké náà dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, àtúnṣe rẹ̀ ni ó falẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láàrin àwa náà nìyẹn.

5. OHUN TÍ Ẹ̀SÌN WA KỌ́ WA

Nínú Súrátun Nisaa, àáyà 83, Ọlọ́hun bá àwọn kan wí tí ó jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ ìfọ̀kànbalẹ̀ tàbí ti ìbẹ̀rù bá dé bá wọn, ńṣe ni wọ́n á máa fọ́n ọn ká. Ó là á yé wa pé ì bá sàn kí wọ́n dá a padà sí ọ̀dọ̀ Òjíṣẹ́ àti àwọn aláṣẹ, kí àwọn tí wọ́n mọ ìwádìí ṣe lè mọ ìdí rẹ̀. Nínú Súrátul Hujuraat, àáyà 6, Ó pa á láṣẹ pé kí a wádìí ìròyìn tí ẹni tí kò ṣeé fọkàn tán bá mú wá, kí a má baà fi àìmọ̀ pa àwọn ènìyàn lára, kí a wá máa kábàámọ̀. Nínú hádíìsì tí Imaam Muslim gbà wá, Ànábì wa (s.a.w.) sì jẹ́ kí a mọ̀ pé kí ènìyàn máa sọ gbogbo ohun tí ó bá ṣáà ti gbọ́ ti tó láti fi kà á sí òpùrọ́. Ẹ ò rí i pé kò ní kí ó tó dá irọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìtàn kan wà tí Anas ọmọ Maaliki (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) sọ, tí Bukhaari àti Muslim gbà wá. Ní òru ọjọ́ kan, ariwo kan ba àwọn ará Mẹdínà lẹ́rù. Àwọn ènìyàn jáde, wọ́n doríkọ ibi tí ariwo ti ń bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni wọ́n pàdé Ànábì (s.a.w.) tí ó ti ń darí bọ̀. Ó ti gun ẹṣin Abu Talha láì di gàárì, idà kọ́ ọ lọ́rùn, ó ti lọ wo ibẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn. Ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, kò sí ewu.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Kò jókòó sílé kí ó ní kò kan òun. Kò bá wọn pariwo. Kò sì sọ pé kò sí ewu kí ó tó lọ wò ó. Ó lọ, ó rí, ó padà wá sọ òtítọ́ tí ó mú ọkàn wọn balẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí nìyẹn nígbà tí ariwo bá dé. Láyé ìgbà yẹn, ẹṣin ni wọ́n fi ń wádìí. Lónìí, ohun tí a ó fi wádìí wà lọ́wọ́ wa, òun kan náà ni a sì fi ń tan ariwo ká.

Ẹ rántí ogun Uhud pẹ̀lú. Nígbà tí ariwo ta pé wọ́n ti pa Ànábì (s.a.w.), àwọn akọni kan ju ohun ìjà sílẹ̀, wọ́n jókòó. Idà kò tíì kàn wọ́n, ọ̀rọ̀ ni ó dá wọn jókòó.

6. ÌBẸ̀RÙ NÁÀ MÁA Ń ṢENI LÉṢE

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1991, lákòókò ogun Gulf, Iraq ta mísáìlì Scud sí Ísírẹ́lì àti Saudi Arabia. Ọ̀kan nínú wọn já sí ilé àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Dhahran ní ọjọ́ 25 oṣù kejì, ó pa 28 nínú wọn. Nítorí náà, ewu rẹ̀ kì í ṣe àròsọ. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà Ísírẹ́lì ka àwọn tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn. Nínú ènìyàn 1,059, 234 péré ni mísáìlì ṣe léṣe ní tààrà. Àwọn 825 yòókù jẹ́ àwọn tí ìpayà dá dúbúlẹ̀, tàbí tí wọ́n gún ara wọn ní abẹ́rẹ́ oògùn tí kò yẹ kí wọ́n tíì lò. Àwọn kan tilẹ̀ kú nítorí pé wọ́n kó ìbòjú tí wọ́n fi ń dènà èéfín olóró sójú láì ṣí ìdérí rẹ̀, èémí wọn sì pin.

Ẹ kò ní sọ pé ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ kò lè pa ẹnikẹ́ni. Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí mo gbọ́ èyí ni ara mi gbọ̀n.

7. Ẹ MÁ JẸ́ KÍ ỌKÀN WA LE

Ẹlòmíràn yóò sọ pé: "Ó dára, n kò ní tẹ́tí sí i mọ́. Ogun àwọn òyìnbó ni, kí ni ó kàn mí?" Ìyẹn náà kò tọ̀nà. Ohun tó bá ojú ló bá imú. Nígbà tí ogun Ukraine bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022, àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń kàwé níbẹ̀ pọ̀. Ẹsẹ̀ ni àwọn mìíràn fi rìn nínú òtútù dé ẹnubodè, kí ìjọba Nàìjíríà tó fi ọkọ̀ òfuurufú lọ kó wọn wálé ní oṣù kẹta. Gbogbo wa ni a sì rí ohun tí owó búrẹ́dì dà, nítorí Ukraine àti Rọ́ṣíà wà lára àwọn tí ń ta àlìkámà fún ayé.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ènìyàn ni ó wà lábẹ́ mísáìlì. Kí ariwo tó ta lórí Oreshnik ní ọdún 2024, mísáìlì mìíràn ti wó ilé gogoro kan ní Dnipro yẹn kan náà ní ọjọ́ 14 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Ó pa ènìyàn tí ó lé ní 40 nínú yàrá wọn. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún 2024, mísáìlì ba ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé jẹ́ ní Kyiv. Àwọn wọ̀nyí kò dúró de ogun àgbáyé kẹta, ogun ti dé bá wọn nílé. Àwa ń jiyàn bóyá ayé fẹ́ parẹ́, ayé ti àwọn ti parẹ́.

Ẹ̀sìn wa kò fi ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí obìnrin kan tí wọ́n pa nínú ọ̀kan nínú àwọn ogun Ànábì (s.a.w.), ó kọ̀ fún wọn láti máa pa obìnrin àti ọmọdé. Aṣáájú wa Abu Bakr sì kìlọ̀ fún olórí ogun tí ó rán jáde pé kò gbọdọ̀ pa obìnrin, ọmọdé àti arúgbó. Kò sí ẹni tí ó bèèrè ẹ̀sìn obìnrin tàbí ọmọdé náà. Yálà ní Ukraine ni, tàbí ní Gaza, tàbí ní Tel Aviv, tàbí ní Tehran, ìwọ̀n kan náà ni kí a fi wọn ẹ̀mí aláìṣẹ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn nítorí pé mísáìlì pa ọmọ ẹni tí òun kò fẹ́ràn, kí ó yẹ ìmọ̀nì ara rẹ̀ wò.

8. KÍ NI KÍ A ṢE?

Àkọ́kọ́, dúró. Bí ìròyìn kan bá mú ọ gbọ̀n rìrì, ìgbà náà gan-an ni kò yẹ kí o fi ránṣẹ́. Kí ara rẹ kọ́kọ́ balẹ̀. Ṣe àlùwàlá bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Èkejì, bèèrè pé: ta ni ó sọ ọ́, níbo ni ó wà nígbà tí ó ṣẹlẹ̀? Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó rí, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó gbọ́. "Wọ́n ní" kì í ṣe ẹlẹ́rìí.

Ẹ̀kẹta, wo ọjọ́ rẹ̀. Fídíò àtijọ́ pọ̀ tí wọ́n ń gbé jáde bí ẹni pé àná ni. Àwọn mìíràn jẹ́ eré orí kọ̀ǹpútà lásán. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti fi eré kan tí ń jẹ́ Arma 3 tan àwọn ènìyàn pé ogun gidi ni.

Ẹ̀kẹrin, dúró de ẹlẹ́rìí kejì. Wo ilé-iṣẹ́ ìròyìn méjì tàbí mẹ́ta tí kì í ṣe pé wọ́n ń da ọ̀rọ̀ ara wọn kọ. Bí òtítọ́ bá ni, yóò ṣì jẹ́ òtítọ́ ní ọ̀la.

Ẹ̀karùn-ún, ronú nípa ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Ṣé ọmọ ẹnì kan wà níbẹ̀? Ṣé aláìsàn wà láàrin wọn? Bí ìròyìn bá jẹ́ òtítọ́, ọ̀nà pẹ̀lẹ́ wà láti gbà sọ ọ́.

Ẹ̀kẹfà, bí o bá ti ṣìṣe, tún un ṣe ní ibi tí o ti ṣe é. Má ṣe pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ohun tí mo fi ránṣẹ́ lánàá kì í ṣe òtítọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ojú á tini díẹ̀. Ìtìjú ayé sàn ju ti ọ̀run lọ.

Èkeje, sọ ẹ̀rù di iṣẹ́. Gbàdúà fún àwọn tí ó wà lábẹ́ ogun. Bí o bá ní, fi sàráà ránṣẹ́ sí wọn lọ́nà tí ó ní àmánà. Pe ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, kí o sì bi í bí ara ṣe rí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Nínú ìròyìn Przewodów, apá wo ni ó jẹ́ òtítọ́, apá wo ni kì í ṣe òtítọ́?
2. Kí ni Petrov rò tí kò fi gba ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà gbọ́? Báwo ni a ṣe lè lo irú ìrònú bẹ́ẹ̀ sí ohun tí a bá rí nínú fóònù wa?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ohun tí Ànábì (s.a.w.) ṣe ní òru Mẹdínà àti ohun tí àwa máa ń ṣe?
4. Ǹjẹ́ ìròyìn kan wà tí o ti fi ránṣẹ́ rí tí o kò tíì tún ṣe? Ìgbà wo ni o fẹ́ tún un ṣe?

Ìbéèrè kẹrin ni mo kọ́kọ́ dáhùn. Mo padà sí ọ̀dọ̀ àwọn ará àsàlátù wa, mo sọ àṣìṣe mi fún wọn ní gbangba. Ìyá yẹn ni ó kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Ó ní: "Alfa, Ọlọ́hun á gbà á lọ́wọ́ yín." Láti ìgbà náà, bí ìròyìn kan bá dé, òun ni ó máa ń bi mí léèrè níwájú gbogbo wa pé: "Ṣé ẹ ti wò ó dáadáa?"

Kí Ọlọ́hun fi wá sí ara àwọn tí ń mú ìfọ̀kànbalẹ̀ wá. Kí Ó má ṣe fi ẹnu wa àti ọwọ́ wa ba ọkàn ẹnikẹ́ni jẹ́. Kí Ó wo àwọn tí ó wà lábẹ́ ogun pẹ̀lú ojú àánú, kí Ó sì fún ayé ní àlàáfíà. Àmín.

Ma salaam.